Iná Aláwọ̀ Aró ní Ilé Dókítà Eyín

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Tjitske ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín àwọn Wiarda ní Harlingen, kò sì sí ẹnu kan láàárín ìlú tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Gerlof, ọmọ yìí, ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri nínú férémù, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí Tjitske kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, tó ń wá bàtà rẹ̀ kan kiri abẹ́ àga. Nítorí náà, lójú àwọn aláìsàn, "Dókítà" ni Tjitske ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ku àwọn méjèèjì nìkan tí ọ̀rọ̀ wá gbóná, "ẹ" náà á já bọ́ fúnra rẹ̀.

Nínú oṣù Kejì, Gerlof dé láti Òkun Pupa níbi tó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ abẹ́ omi. Imú rẹ̀ ti bó bí ọ̀dùnkún tí a sè. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Tjitske, ẹ ò tíì rí iyùn rí láyé yín."

"Iyùn ìyá mi rèé lọ́rùn mi," ni Tjitske dá a lóhùn, ó sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà sókè.

"Òkú nìyẹn! Ààyè ni mò ń wí. Iyùn ààyè! Ó ń jẹun, ó ń na ọwọ́, ó ń ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Mo dúró níwájú rẹ̀ lábẹ́ omi, ọkàn mi sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: bí àwọn tó ń bẹ̀rù mi bá jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé..."

"Wọn ò bẹ̀rù rẹ. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni wọ́n ń bẹ̀rù."

Gerlof kò gbọ́. Kí oṣù Kẹta tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti gbé àpótí gíláàsì kan wọ yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, ó gùn tó ibùsùn èèyàn méjì. Wọ́n po omi iyọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n to òkúta, Gerlof sì ra iyùn ààyè mọ́kànlá lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin wọ́n ní Groningen. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ orí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ètè bí ìgbà tó bá ń dí eyín tó lu. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀yin lẹ óò máa tọ́jú wọn," ó ní.

"Mo ti mọ̀," ni Tjitske wí.

Iná ló kù. Gerlof kì í náwó sí ohun tó bá wà ní àjà ilé. Ó lọ tú iná gbọọrọ kan tó wà nílé ìdáná ìyá rẹ̀, ó so ó sókè àpótí náà, ó ní iná ni gbogbo iná ń jẹ́. Ìyá rẹ̀ sì ti fi iná yẹn bó ọ̀dùnkún fún ogún ọdún láìgé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Iyùn tó jẹ́ àwọ̀ òdòdó wá di àwọ̀ ẹrẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọsàn náà di ẹrẹ̀. Àwọn tó ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ na ọwọ́ wọn sókè, wọ́n ń nà gbọnnran, wọ́n dà bí èrò tó ń yọrùn wo bọ́ọ̀sì tí kò ní wá. Ẹnì kan nínú àwọn aláìsàn béèrè lọ́wọ́ Tjitske bóyá olú inú igbó ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀.

Tjitske kò fẹ́ràn iyùn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tí ebi ń pa kó máa wò ó níran. Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Leeuwarden, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ids Terpstra. Ids ga débi pé ó máa ń tẹrí ba fún àtẹ̀rígbà ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nídìí òkú.

"Irú iná wo lẹ fi sí i?" ni Ids béèrè.

Tjitske sọ fún un.

Ids di ojú méjèèjì.

"Ìyá," ó ní, "iná tí èèyàn fi ń ríran ọ̀tọ̀, iná tí iyùn fi ń jẹun ọ̀tọ̀. Ewéko tíntìntín ló ń gbé inú ara iyùn. Àwọn ewéko yẹn ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀, iyùn wá ń jẹ nínú oúnjẹ wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé onílé àti ayálégbé ni wọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, àwọn ewéko yẹn á máa pọ̀ sí i kí wọ́n lè rí díẹ̀ fà mu, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n bí ẹrẹ̀."

"Kí n wá ra èyí tó mọ́lẹ̀ jù, àbí?"

"Ẹ má ì tí ì sáré." Ó gbé iná pẹrẹsẹ kan kalẹ̀, ó lágbára, ó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èyí á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ti wà nínú òkùnkùn, a kì í wọ́ ọ jáde sí ọ̀sán gangan."

Tjitske kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. Ó dé Harlingen, ó ka gbogbo rẹ̀ fún Gerlof. Gerlof ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí Tjitske dé ẹnu iṣẹ́, ó rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń tú jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn bí ìgbà tí wọ́n bá ń jó irin pọ̀. Gerlof ti yí bọ́tìnnì náà dé òpin.

"Òòrùn Òkun Pupa kì í ràn ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá," ni Gerlof wí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ids ní..."

"Ids ò tíì dé Òkun Pupa. Èmi ti débẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn ń jókòó pẹ̀lú ọwọ́ níwájú orí. Ìyá Sjoukje, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó ń gbé ilé kẹta sí wọn, tó sì máa ń wá mu kọfí níbẹ̀ bóyá eyín ń dùn ún tàbí kò dùn ún, ra awò dúdú, ó fi kojú. "Mo dà bí eléré orí ìtàgé," ó ní, ó sì ní kí Tjitske ya òun ní fọ́tò.

Lọ́jọ́ keje, iyùn funfun. Kì í ṣe funfun tó dára. Funfun bí egungun ẹja lórí àwo. Gbogbo ayálégbé inú wọn ti kó jáde. Méjì nínú wọn kò tilẹ̀ ká ọwọ́ kò mọ́ nígbà tí Tjitske fi igi kàn wọ́n. Ó kó méjèèjì jáde sínú aṣọ ìnuwọ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí ajá rẹ̀ kú, kò sunkún tó báyẹn.

Ó wọ yàrá iṣẹ́ lọ bá Gerlof, ó ti ilẹ̀kùn.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Bí mo bá tún rí ìka rẹ lára bọ́tìnnì yẹn, màá gé e. Ṣé o gbọ́? Mo mọ ibi tí o ń kó ohun èlò sí."

"Tjitske, mi ò mọ̀ pé..."

"O mọ̀. Mo kà á fún ọ."

Gerlof wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní. Láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ Tjitske ni iná wà.

Ids fúnra rẹ̀ ló yá a ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ omi. Tjitske ká apá aṣọ sókè, ó ń ti ẹ̀rọ náà bọ omi níbí, ó ń tì í bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ orí òkúta àti ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ kò jọra rárá, bí òkè ilé àti yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó kó àwọn tó ń fẹ́ òòrùn lọ sókè, ó sì fi àwọn olójú tútù sí kọ̀rọ̀. Ó gbé iná kúrò nítòsí omi. Ids tún ṣàlàyé fún un pé bí èèyàn bá ti ń rì lọ nínú òkun, àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì, àwọ̀ aró ló ń kù gbẹ̀yìn, òun sì ni iyùn mọ̀ ọ́n jẹ jù. Nítorí náà, Tjitske dín funfun kù, ó fi aró àti àlùkò sí i, ó fa kọ́tìnnì pa kí òòrùn ojú fèrèsé má bàa hu ọbẹ̀dò sára gíláàsì. Ó ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni tó ń fún ọmọ àìsàn ní omi ọbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, àwọ̀ padà. Kì í ṣe pé ó padà lásán, iyùn ń tàn! Èyí tó wà lápá òsì jẹ́ àwọ̀ ewé tútù, ó ń kọ mọ̀nà bí ẹni pé iná wà nínú ara rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọsàn pẹ̀lú ìdí àlùkò. Gbogbo yàrá wà nínú òkùnkùn aláwọ̀ aró, àwọn aláìsàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan tilẹ̀ sùn, ó tún sọ pé kí wọ́n má pe òun wọlé. Gerlof ra ẹja kékeré kan sí i, ó sì ń rìn kiri bí ẹni tó dá òkun.

Ohun tí Tjitske kò ṣàkíyèsí ni pé láti ìgbà tí yàrá ti ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ta ló ń rẹ́rìn-ín ní ilé dókítà eyín?

Durk Nauta ni yóò rẹ́rìn-ín.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Durk, òun ló ń ṣe ohùn àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn atukọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì ni gbogbo Harlingen mọ̀ ọ́n mọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín létí òkun, ẹyẹ á fò. Eyín rẹ̀ ni ó fi ń yangàn jù. "Gbogbo rẹ̀ pé," ni ó máa ń wí, á fi ìka gbá a. "Ọlọ́run ló fún mi, mi ò sì dá ọ̀kan padà." Baukje, ìyàwó rẹ̀, á rọra bo ẹnu rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ń bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Tjitske mọ ohun tó wà nínú ìwé àwọn méjèèjì. Okùn ọkọ̀ ló já gbá Durk lẹ́nu kó tó gbéyàwó, bàbá Gerlof ló sì ṣe eyín iwájú mẹ́rin fún un, tó fi Bíbélì búra pé òun ò ní sọ. Ti Baukje tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé ìgbà náà, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ lọ ilé ọkọ, bàbá mìíràn á ní kí wọ́n yọ gbogbo eyín òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ má bàa náwó lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó nìyẹn. Wọ́n mú Baukje lọ sí Drachten fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ó lọ kí àǹtí rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni tọkọtaya yìí ti wà lórí ibùsùn kan, tí ẹnì kìíní kò mọ̀ nípa ẹnì kejì. Ọjọ́ Túsìdé ni Tjitske máa ń fi Durk sí, ọjọ́ Tọ́sìdé ni ti Baukje. Ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ dá ẹ̀rọ Ids padà, Gerlof ló dáhùn fóònù. Ó rí orúkọ Nauta méjì, ó sì fi àánú ṣe iṣẹ́ ibi. Tọkọtaya ni wọ́n, kí ni wọ́n ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún? Ó kó wọn sí Tọ́sìdé kan náà, aago mẹ́wàá.

Tjitske rí wọn tí wọ́n wọlé pa pọ̀. Kí ó tó ronú ohun tó máa ṣe, wọ́n ti jókòó. Ìyá Sjoukje jókòó sí òdìkejì wọn pẹ̀lú kọfí rẹ̀.

"Ẹ wo ẹja yẹn," ni Durk wí, ó na ìka sí ẹja kékeré kan tó ń lé ojú ara rẹ̀ kiri nínú gíláàsì. "Ó jọ olórí ẹgbẹ́ akọrin wa!"

Ó sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó la ẹnu gbàgà, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìgbà.

Nínú iná aláwọ̀ aró yẹn, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn bí ìràwọ̀. Láàárín wọn, níwájú gan-an, àlàfo dúdú mẹ́rin ló wà, bí ìgbà tí wọ́n yọ pákó lára ọgbà.

Ìyá Sjoukje gbé ife kọfí kalẹ̀.

"Durk," ó ní, "ta ló jí eyín ẹ?"

"Eyín wo?"

"Èyí tí Ọlọ́run fún ẹ. Mẹ́rin ti lọ. Ó dà bí ìgbà tí àwọn ará ilé ò sí nílé."

Durk fi ọwọ́ kan ẹnu. Eyín wà níbẹ̀. Ó yíjú sí gíláàsì, ó wo ojú ara rẹ̀, ó ṣí ẹnu díẹ̀, ó sì pa á dé kíá. Baukje wo ọkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín àádọ́ta ọdún, kò sì rántí bo ẹnu.

"Àtọwọ́dá!" ó ń pariwo. "Durk Nauta! Gbogbo rẹ̀ pé, àbí? Àtọwọ́dá lo fi ń yangàn sí mi látọjọ́..."

"Baukje," ni Ìyá Sjoukje wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"...látọjọ́ tí mo ti délé ẹ..."

"Baukje, ọmọ mi, pa ẹnu ẹ dé. Òkè ẹ ṣókùnkùn biribiri."

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi nìkan ló ń dún. Durk tẹ̀ síwájú, ó wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga.

"Gbogbo òkè?" ó béèrè.

"Bàbá mi ló ṣe é," ni Baukje fèsì láti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Drachten."

"O ní o lọ kí àǹtí ẹ!"

"Ìwọ náà ní o bá atukọ̀ kan jà, o ní òun leyín ẹ̀ ká!"

Ariwo yìí ló mú Gerlof jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó rò pé iyùn ló bà wọ́n lẹ́rù. Ó tẹ́ ẹ̀rín ńlá kan sójú láti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

"Kí ló dé, ẹ̀yin èèyàn mi?"

Eyín kan lápá ọ̀tún òkè ẹnu rẹ̀ dúdú bí èédú.

"Háà! Dókítà náà!" ni Ìyá Sjoukje kígbe, ó fi ọwọ́ gbá itan. "Ẹ gbà mí o! Ta ló kù?" Ó sì fa ètè sẹ́yìn, ó fi eyín rẹ̀ hàn wọ́n. Ogún, mẹ́rìnlélógún, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n wọ́, wọ́n ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń tàn gbòò lójú òkùnkùn bí àbẹ́là ọjọ́ Kérésìmesì. Arúgbó tí gbogbo ìlú rò pé ọbẹ̀ nìkan ló ń mu.

"Tjitske," ó yíjú sí ibi tábìlì, "ìwọ ńkọ́? Ṣí tìẹ ká rí i."

"Mm-mm," ni Tjitske wí, ó di ètè pọ̀. Ó ní ọ̀kan. Bàbá Gerlof ló ṣe é fún un lọ́dún tó gbaṣẹ́. Ó sì wá lóye nígbà náà ìdí tí ọkùnrin tó ń mú lẹ́tà wá fi ń wò ó tìyanu-tìyanu láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Durk dìde. Ó ní òun ò ní tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ mọ́, ó ní dókítà eyín wà ní Franeker, níbi tí wọ́n ti ń tan iná bí èèyàn gidi. Ó jáde. Baukje jáde tẹ̀ lé e, ó fi síkáàfù bo ẹnu. Gerlof ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, ó jókòó sórí àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí.

"Ẹ pa á," ó ní. "Ẹ pa iná yẹn lónìí. Àṣírí aláìsàn ló ń tú síta!"

"Ìwọ lo kó wọn sí ọjọ́ kan náà."

"Mo ní kẹ́ ẹ pa á, Tjitske."

"Iyùn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. O ti fi ebi pa wọ́n, o ti sun wọ́n níná. O tún fẹ́ dá wọn padà sínú òkùnkùn? Mi ò pa á. Lé mi lọ tó o bá fẹ́."

Gerlof kò lè lé e lọ. Kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí.

Tjitske tẹ Ids láago. Ids kò rẹ́rìn-ín síta lórí fóònù, ṣùgbọ́n Tjitske ń gbọ́ tí ẹ̀rín ń fọ́n jáde nímú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Harlingen fúnra rẹ̀. Ó tẹrí ba wọlé, ó yọ fìlà, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí rárá, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

"Àlùkò yìí ni," ó ní, ó ń yí bọ́tìnnì. "Eyín tí a bí mọ́ni máa ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí, á dá a padà. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ tàbí rọ́bà ṣe kò mọ̀ ọ́n ṣe. Iyùn yín náà, ohun tó ń mú un tàn nìyẹn. Ẹ dín àlùkò kù lásìkò tí èèyàn bá wà níbí, ẹ fi funfun díẹ̀ bò ó. Iyùn á yó dáadáa. Kàn pé kò ní máa ṣe fújà ni."

Ó yí i. Àwọ̀ yàrá yí padà sí ti òwúrọ̀ kùtùkùtù létí òkun. Iyùn wà pẹ̀lú àwọ̀ wọn, wọn ò kàn kọ mọ̀nà mọ́. Ids ní kí Gerlof rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì dọ́gba.

"Ohun tó rọrùn tó báyìí?" ni Gerlof béèrè. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ látìgbà yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ dé Òkun Pupa," ni Ids wí.

Tjitske wo Ids. Ó rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí eyín ara rẹ̀, nígbà tó sì rántí, ó ti pẹ́ jù. Inú rẹ̀ dùn pé iná funfun ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ kò dùn mọ́, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, aago méjìlá sí aago kan, nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìtọ́jú pa fún oúnjẹ ọ̀sán, ni Tjitske máa ń tan àlùkò tó kún. Ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì rẹ̀ níwájú àpótí, òun nìkan. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdánìkanwà yẹn fi pẹ́. Ìyá Sjoukje kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin wá láti ilé àwọn arúgbó, ó jókòó sáàárín, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Kò wo iyùn lẹ́ẹ̀kan.

"Kí lo jẹ dàgbà?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè pẹ̀lú ìlara.

"Búrẹ́dì líle àti ìṣẹ́," ni Ìyá Sjoukje fèsì.

Nípa ti Durk àti Baukje, gbogbo ìlú ló ń gbé e kiri pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n rí wọn létí òkun lọ́jọ́ náà, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn. Wọ́n ní Durk dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja tútù oníyọ̀, ó ra méjì, ó fún Baukje ní ọ̀kan láìyíjú. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ní aago méjìlá àbọ̀, kí ilẹ̀kùn tó dún. Durk ló wà níta, ìyàwó rẹ̀ dì í lápá mú.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń tan ti tẹ́lẹ̀ nísinsìnyí," ni Durk wí, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Fún iyùn ni," ni Tjitske wí.

"Jẹ́ ká wọlé. A fẹ́ wo nǹkan."

Wọ́n jókòó kọjú síra wọn. Baukje ní kí Durk kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀. Durk ní rárá, ti ìyàwó ló pọ̀ jù. Wọ́n jiyàn díẹ̀, wọ́n wá kà á pa pọ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n la ẹnu. Wọ́n wo ara wọn nínú ìmọ́lẹ̀ aró yẹn, ìlà dúdú kọjú sí àlàfo dúdú.

"O burẹ́wà," ni Durk wí.

"Ìwọ ńkọ́? Ọgbà tí màlúù wó."

"Ibo lo ń fi í sí lóru?"

"Inú bàtà òjò mi. Ìwọ kì í fọwọ́ kan bàtà."

Durk rẹ́rìn-ín débi pé ẹja sá wọ abẹ́ òkúta. Wọn ò lọ sí Franeker mọ́. Tjitske béèrè bóyá kí òun ṣì máa fi wọ́n sí Túsìdé àti Tọ́sìdé, Baukje ní kó fi wọ́n sí ọjọ́ kan, àwọn á máa jẹun ọ̀sán níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, iyùn aláwọ̀ ewé ti dàgbà débi pé ó ń fi ọwọ́ gbá aládùúgbò rẹ̀, èyí tó ń kàn sì ń funfun létí. Ids sọ lórí fóònù pé wọ́n ní láti gé e, àti pé bí wọ́n bá fẹ́, òun á wá gba èyí tí wọ́n bá gé. Tjitske ní òun á mú un wá fúnra òun ní ọjọ́ Sátidé. Ids ní òun á se ọbẹ̀ ẹ̀wà. Tjitske kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Gerlof ló gé e lọ́sàn-án Sátidé náà, nítorí pé òun ló ní ẹ̀rọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi awò kojú, ó gbé iyùn náà sínú abọ́ omi iyọ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Tjitske mú un dání fún un láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn tí gbogbo Harlingen ń sá fún.

"Ó kù díẹ̀," ni Gerlof ń wí fún iyùn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó kù díẹ̀, ẹ ń gbìyànjú gan-an ni. Bí ó bá dùn yín, ẹ gbé ọwọ́ sókè."

"Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lókè láti àárọ̀," ni Tjitske wí. "Gé e, jàre, ọkọ̀ mi ń lọ ní aago mẹ́rin."